Béárì Sùn Lójú Ìwé Kẹrin

Ọdún méjìlélógún ni obìnrin kan ti fi ń pe ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ ńlá kan. Iṣẹ́ rẹ̀ ò ju pé kó jókòó sínú yàrá kékeré onígíláàsì tó wà lókè àtẹ̀gùn, kó tẹ bọ́tìnì pupa kan, kó sì sọ fún àwọn èrò pé ọkọ̀ báyìí ti dé, pé ẹnu ọ̀nà kejì ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n má gbàgbé ẹrù wọn. Àga kan, tábìlì kan, ife tíì kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán, àti ìwé àkókò ọkọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri: gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn èrò kì í rí ojú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n mọ̀, ohùn tó wúwo, tó lọ sílẹ̀, tó máa ń mú kí ẹni tó ń sáré rọra rìn. Olóhùn ni àwọn awakọ̀ ń pè é. Orúkọ náà bá a délé débi pé ìyá rẹ̀ pàápàá ń lò ó nígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohùn yìí ló gbé e wọ inú fíìmù. Ọkùnrin kan tó ń darí fíìmù kàtúùnù ló ń dúró de ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ọmọ kan sọnù láàárín èrò, Olóhùn sì ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ, ó ní kó dúró síbi tó wà, kó má sunkún, ìyá rẹ̀ ń bọ̀. Ọkùnrin náà jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó gun àtẹ̀gùn, ó kan gíláàsì, ó ní òun ń wá béárì.

Fíìmù ọ̀hún dá lórí ẹranko mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣe ọ̀rẹ́ nínú igbó: béárì, ehoro, ọ̀kẹ́rẹ́ àti òwìwí. Omi gba ilé wọn, Béárì sì kó wọn gba orí òkè lọ síbi tí ilẹ̀ ti gbẹ. Béárì ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀, òun ló ń fọ̀nà hàn wọ́n, òun ló ń gbé àwọn yòókù sọdá odò. Olóhùn gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ ṣe ohùn Béárì. Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn ọmọdé àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Wọn a ní kó sọ̀rọ̀ bíi Béárì, òun náà a sì dúró láàárín títì, búrẹ́dì lábẹ́ apá, a sọ ọ́ fún wọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun kan lọ́wọ́ rẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí ọkọ̀ wà. Ó gbádùn rẹ̀, kò sì fi bò.

Òun náà ló mú obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aránṣọ wọ inú fíìmù náà. Aránṣọ fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan ní igun òpópónà tí Olóhùn ń gbà relé, aṣọ iléèwé àwọn ọmọdé ló sì ń tún ṣe jù, síìpù tó bàjẹ́ àti etí ṣòkòtò tó já. Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì máa ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe Ehoro, Olóhùn ní òun mọ ẹnì kan. Gbólóhùn mẹ́sàn-án péré ni Ehoro sọ nínú fíìmù àkọ́kọ́ yẹn, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ "Ẹ dúró dè mí." Olóhùn ló kọ́ ọ pé ẹ̀gbẹ́ máíkì ni wọ́n ń mí sí, wọn kì í mí sínú rẹ̀. Ó ní kó má wọ aṣọ tó ń dún, kó má jẹ ẹ̀pà kó tó wá. Aránṣọ a máa pè é ní "ẹ̀gbọ́n mi" lójú gbogbo èèyàn, inú Olóhùn a sì dùn ṣìnkìn. Ó rọrùn láti fẹ́ràn ẹni tó ní gbólóhùn mẹ́sàn-án.

Lọ́dún kẹta, wọ́n ní fíìmù kejì ń bọ̀. Ìgbà òtútù ni wọ́n fi ṣe lọ́tẹ̀ yìí, yìnyín ti bo gbogbo igbó, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ní láti rí ọ̀nà dé ibi tí oúnjẹ wà. Ìwé eré náà dé ibùdókọ̀ nínú àpòòwé ńlá kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Olóhùn sì já a láàárín ìgbà tó pe ọkọ̀ kan àti òmíràn. Bó ṣe máa ń ka ìwé eré ni pé ó máa ń fi báírò aláwọ̀ ewé fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí Béárì bá ti sọ̀rọ̀. Ó fa ìlà lójú ìwé kìíní. Ó fà á lójú ìwé kejì àti ìkẹta. Lójú ìwé kẹrin, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Béárì yán, ó dágbére fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wọ inú ihò lọ, ó sùn.

Ó ṣí ojú ìwé karùn-ún, kò rí Béárì. Ó ṣí ìkẹwàá, ó ṣí ogún. Ehoro ló wà níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ehoro ń wá ọ̀nà nínú yìnyín, Ehoro ń pa Òwìwí lẹ́rìn-ín, Ehoro ń pàṣẹ fún Ọ̀kẹ́rẹ́. Báírò wà lọ́wọ́ Olóhùn láìrí iṣẹ́ ṣe títí dé ojú ìwé kẹrìndínláàádọ́rùn-ún, níbi tí Béárì ti jí, tó sì béèrè pé, "Ṣé ilẹ̀ ti mọ́ ni?" Fíìmù parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Olóhùn darí odindi èrò ọkọ̀ kan sí ẹnu ọ̀nà karùn-ún nígbà tí ọkọ̀ wọn wà ní ẹnu ọ̀nà kejì, ọ̀gá ibùdókọ̀ sì gun àtẹ̀gùn wá bi í bóyá ara rẹ̀ yá.

Ó lọ bá olùdarí fíìmù lọ́jọ́ kejì. Onífìlà ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí fìlà òwú kan tí kì í ṣí lórí, torí òtútù ẹ̀rọ inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀. Ó fi sùúrù ṣàlàyé pé béárì máa ń sùn nígbà òtútù, pé bí ẹranko náà ṣe rí nìyẹn, kì í ṣe òun ló dá a. Olóhùn bi í bóyá Béárì tiwọn ò lè jẹ́ irú èyí tí kì í rí oorun sùn. Onífìlà rẹ́rìn-ín, ó rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Ó ní òun ṣì nílò rẹ̀ gan-an, torí pé oorun Béárì á máa dún jálẹ̀ fíìmù, òun sì fẹ́ kó hanrun lónírúurú ọ̀nà, ogójì ó kéré tán.

Olóhùn gbé ogójì ìhanrun délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀. Màmá, tó ń ṣa ẹ̀wà nídìí fèrèsé, ní wọ́n kúkú mú ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí ògiri tó wà láàárín yàrá àwọn méjèèjì kò nípọn. Olóhùn kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìwé náà lórí itan. Ó mọ ohun tó ń ṣe é, kò sì fẹ́ fún un lórúkọ. Kì í ṣe pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ló dùn ún jù. Ẹni tí wọ́n gbé e fún ló dùn ún.

Aránṣọ ò fura. Ó sáré wá sílé wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwé eré tirẹ̀ ti kún fún ẹfun tó fi ń sàmì sára aṣọ. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun, pé òun ò tíì lè jẹun dáadáa láti àná. Ó ní ibì kan wà lápá ẹ̀yìn tó le, ibi tí Ehoro ti dá sọ̀rọ̀, tí ẹkún fẹ́ wọ̀ ọ́, pé ẹ̀gbọ́n òun nìkan ló lè ran òun lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó dìde láàárín pálọ̀, ó fẹ́ kà á. Olóhùn ní kó má wulẹ̀ kà á, pé ó dáa bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ní òun ò tíì lanu. Olóhùn ní òun mọ̀ pé á dáa. Ó fi ẹ̀rín sí i, ó ní orí ń fọ́ òun.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ohun tí Aránṣọ ṣe tí kò bí i nínú. Bó bá kí i, ó dà bí ẹni tó ń gbéra ga. Bí kò bá kí i, ó dà bí ẹni tó ti gbàgbé rẹ̀. Ó rí i pé Aránṣọ ra bàtà tuntun. Ó rí àwọn ọmọdé tó ti ń tẹ̀ lé òun tẹ́lẹ̀, tí wọ́n dúró wìtìwìtì níwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣe Ehoro fáwọn. Olóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba òpópónà kejì relé kó má bàa gbọ́ ẹ̀rín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà náà fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jìn jù, tí ajá kan sì wà níbẹ̀ tí kò gba tiẹ̀ rárá.

Lọ́sẹ̀ kan, ilé iṣẹ́ rédíò kan pe Aránṣọ kó wá sọ̀rọ̀ nípa fíìmù tuntun. Obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ ibùdókọ̀ yí rédíò rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. Olóhùn gbọ́ ohùn tín-ín-rín náà bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ wá bá a. Ó gbọ́ tí wọ́n bi Aránṣọ pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ yìí. Kí Aránṣọ tó dáhùn, Olóhùn ti tẹ bọ́tìnì pupa. Ó pe ọkọ̀ aago mẹ́rin. Ó tún un pè. Ó rán àwọn èrò létí ẹrù wọn, ó ní kí wọ́n ṣọ́ra torí ilẹ̀ ń yọ̀, ó sì pe ọkọ̀ aago mẹ́rin nígbà kẹta, ọkọ̀ tó ti lọ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Nígbà tó fi máa gbọ́wọ́ kúrò, orin ló ń lọ lórí rédíò. Kò mọ ohun tí Aránṣọ fi dáhùn, ojú sì tì í láti béèrè.

Ká ní ibẹ̀ ló mọ ni, ì bá ṣeé gbójú fò. Ṣùgbọ́n fóònù Aránṣọ já sínú garawa omi, ó sì gbé e fún ẹni tó ń tún fóònù ṣe. Ó wá fún akọ̀wé ilé fíìmù ní nọ́ńbà Olóhùn, ó ní kí wọ́n máa gba ibẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, pé ẹni tó bá bá ẹ̀gbọ́n òun sọ̀rọ̀ ti bá òun sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, akọ̀wé pè. Ó ní iṣẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti di ọ̀la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, torí pé ọkùnrin tó ń ṣe Òwìwí fẹ́ rìnrìn àjò. Ó ní gbogbo wọn ni kó wá, títí kan Béárì, wọ́n fẹ́ gba ohùn wọn pọ̀. Ó bẹ Olóhùn kó jọ̀ọ́ bá àwọn sọ fún Aránṣọ. Olóhùn ní òun ti gbọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gba ọ̀nà tó ti pa tì. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ náà nígbà tó ń lọ. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀. Aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó kọ̀yìn sí ọ̀nà, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ Ehoro sí ara rẹ̀ létí bó ṣe ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ń lọ, ohùn ń lọ, ó sì dáa. Olóhùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ bó ṣe dáa tó.

Aránṣọ yíjú, ó rí i, inú rẹ̀ dùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀ o. Ṣé wọ́n fi iṣẹ́ kankan rán yín sí mi?"

"Rárá," ni Olóhùn wí. "Kò sí."

Ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó. Ó lọ sílé, ó jẹun, ó yó.

Fóòmù dúdú ni wọ́n fi bo gbogbo ògiri yàrá ìgbohùnsílẹ̀, kò sí fèrèsé, kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì máa ń gbé ìró ẹsẹ̀ mì. Nígbà tí Olóhùn débẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì kan sílẹ̀ de Béárì, torí Onífìlà ní ìhanrun ẹni tó dúró yàtọ̀ sí ti ẹni tó dùbúlẹ̀. Máíkì kan rọ̀ sókè orí rẹ̀. Òwìwí ti dé, ọkùnrin àgbàlagbà kan tí kò gbójú kúrò lára aago. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà ti dé, olùkọ́ iléèwé kan tí ohùn rẹ̀ já gaara. Aago mẹ́sàn-án lù, ààbọ̀ wákàtí kọjá. Onífìlà bi Olóhùn bóyá ó jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ó ní òun jẹ́ ẹ. Ó fi kún un pé bóyá aṣọ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹni náà.

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, Onífìlà ní kí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá wọn ka ọ̀rọ̀ Ehoro, kí Òwìwí lè rí tirẹ̀ ṣe kó tó lọ. Olóhùn dùbúlẹ̀, ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun. Ó han èyí tó gùn, ó han èyí tó ń fọn bíi fèrè, ó han ti ẹni tó ń lálàá oúnjẹ. Wọ́n ń ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú ìwé àádọ́rin, níbi tí Ehoro ti dá wọ inú ihò Béárì. Olóhùn ò ka ojú ìwé yìí rí. Béárì ò sọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, ó sì ti ṣí i kọjá.

"Béárì," ni Ehoro wí láti ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́, "mo ti rí ọ̀nà. Èmi nìkan ni mo rí i. Gbogbo wọn ń yìn mí, àmọ́ wọn ò mọ bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà mí tẹ́lẹ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀. Ì bá wù mí kó o lajú, kó o rí mi."

Olóhùn ń hanrun lọ. Ó wá yé e pé ibi tí Aránṣọ fẹ́ kà fún un ní pálọ̀ nìyí. Ìdí tó fi jẹ́ pé òun gan-an ló fẹ́ kà á fún náà yé e. Ìhanrun há sí i lọ́fun, ó di ikọ́.

Onífìlà dá wọn dúró, ṣùgbọ́n kò wo ẹni tó húkọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wò, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó ní èyí dáa o. Ó ní bóyá kí àwọn kúkú fi Ehoro sílẹ̀ fún un, kí àwọn wá Ọ̀kẹ́rẹ́ mìíràn, torí ẹni tí kò wá lónìí, àwọn ò mọ ọjọ́ tí yóò tún pa àwọn tì. Òwìwí ní ó ti yẹ kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí Olóhùn sọ òótọ́, ohun tó ń wá kiri láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nìyí. Wọ́n gbé e wá bá a níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ó dìde jókòó lórí mátírẹ́ẹ̀sì, irun rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Mi ò sọ fún un," ló wí.

Onífìlà bi í pé kí ni kò sọ.

"Iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Mo dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lánàá. Ó bi mí, mo ní kò sí. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé a wà níbí."

Onífìlà ṣí fìlà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí orí rẹ̀. Orí náà pá borogidi, ẹnikẹ́ni ò sì rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún akọ̀wé pé kí wọ́n fi mọ́tò lọ gbé Aránṣọ wá. Kò bú Olóhùn, kò bá a wí. Ó kàn tún fìlà náà dé, ó sì yíjú sí ìwé rẹ̀.

Olóhùn jáde lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ sọ ọ́. Aránṣọ bọ́ọ́lẹ̀ nínú mọ́tò kí aago méjìlá tó lù, òwú lẹ̀ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Àná ni wọ́n ti rán mi sí ọ," ni Olóhùn wí. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

Aránṣọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè. "Kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe nǹkan kan. Mò ń jowú rẹ ni."

Ó ti rò pé yóò sunkún tàbí kó bú òun. Aránṣọ yọ téèpù lọ́rùn, ó ká a mọ́ ìka rẹ̀ fínnífínní, ó fi í sápò, ó sì wọlé.

Onífìlà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé àádọ́rin. Olóhùn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gba ìhanrun òun sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, Onífìlà kọ̀. Bó ṣe dùbúlẹ̀ síbi ẹsẹ̀ ẹni tó ṣẹ̀ nìyẹn, tó pa ojú dé, tó ń hanrun. Ẹkún tí gbogbo wọn ń retí kò wá. Aránṣọ sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbígbẹ, bí ẹni tó ń bá ẹni tó já a kulẹ̀ wí. Nígbà tó dé "Ìwọ nìkan lo mọ̀," ó tẹ "ìwọ" yẹn mọ́lẹ̀ débi pé ara Olóhùn bù máṣọ. Onífìlà ní kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe. Ó ní òun ti ń lérò ẹkún láti ọjọ́ yìí wá, pé òun ò mọ̀ pé ìbínú ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bó ṣe wà nínú fíìmù títí dòní nìyẹn. Olóhùn sì máa ń sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà pé níbi tí òun dùbúlẹ̀ sí gan-an, pẹ̀lú gbogbo ìtìjú náà, owú tún ta òun, torí òun mọ̀ pé òun ò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ tó sọ ọ́. Ó ní òun náà jowú àbúrò òun fún ọdún mọ́kànlá nítorí irun orí rẹ̀.

"Kò pa mí," ni Màmá wí. "Àmọ́ mi ò gé irun náà."

Aránṣọ ra fóònù tuntun. Kò bá Olóhùn jà, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Bí wọ́n bá pàdé, a ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," a sì kọjá. "Mà" yẹn ló ń dun Olóhùn. Ó ti tún padà sí ọ̀nà tòótọ́, ó ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, ó ń kí i, ó sì ń gba "mà" tirẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí fíìmù jáde, òun àti Màmá jókòó sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá nílé sinimá. Àwọn ọmọdé ń rẹ́rìn-ín gbogbo ìgbà tí Béárì bá hanrun. Ó kà á, mọ́kànlá péré ni wọ́n lò nínú ogójì. Nígbà tó parí, wọ́n ní kí Ehoro dìde, Aránṣọ sì dìde níwájú nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù kan tó rán fúnra rẹ̀, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Olóhùn náà pàtẹ́wọ́, ó pa á kíkan kíkan. Ọwọ́ rẹ̀ ń pa á, inú rẹ̀ ò bá a pa á.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, kí Aránṣọ tó gun àtẹ̀gùn ibùdókọ̀ wá kan gíláàsì. Ó ń lọ kí ìyá rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti pẹ́ ní wákàtí kan. Ó béèrè bóyá òun lè jókòó. Àga kan ló wà. Olóhùn dìde fún un, òun fúnra rẹ̀ jókòó lé páálí ìwé. Wọ́n jọ pín tíì inú ife kan ṣoṣo náà mu. Wọ́n sọ̀rọ̀ síìpù, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Olóhùn pe ọkọ̀ méjì, ó padà wá jókòó. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dárúkọ fíìmù.

Lẹ́yìn náà ni Aránṣọ béèrè, ojú rẹ̀ wà nínú ife: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé owú yẹn ṣì ń ṣe yín?"

Irọ́ wà nítòsí, Olóhùn kò mú un. "Ó ń ṣe mí. Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń kéré. Lọ́jọ́ mìíràn, hẹn-ẹn."

Aránṣọ mi orí. "Ọjọ́ tó bá ti pọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sọ fún mi. N ò ní fi nǹkan kan rán yín lọ́jọ́ yẹn."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu Olóhùn, Aránṣọ sì bá a rín in díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Ọkọ̀ dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Aránṣọ gbé báàgì rẹ̀, ó ṣan ife náà, ó da ojú rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sínú òjò.